Níbo ni wọ́n ti ń tún ọpọlọ ọmọdé kọ́ l'Ógbòmọ̀ṣọ́? Ẹ gbà mí o

Ìyá Tómiwá: Ẹ kú ilé o. Ọ̀kadà ló gbá ọmọ mi ọkùnrin ní Tákìé. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, ọsibítù ti dá wa sílẹ̀, àmọ́ ọmọ yìí ò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ rán an níṣẹ́ méjì, ọ̀kan ló máa jẹ́. Ohun tá a kọ́ ọ láàárọ̀, ó ti lọ kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń tún ọpọlọ kọ́. Ibo ni? Mọ́ńdè nilé-ìwé ń wọlé.

Nọ́ọ̀sì Arówómọ́lẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọmọ ọdún mélòó? Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ṣé LAUTECH lẹ gbé e lọ àbí Bowen? Ẹ padà síbẹ̀, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí UCH n'Ìbàdàn. Ẹ sọ pé OT lẹ ń wá, àwọn tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe máa tún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe. Kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa lè jọ ẹni tó ń gbàgbé.

Ìyá Ìbejì Sábó: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kó tó pẹ́ jù. Táyé mi já bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó forí sọlẹ̀. Ibì kan wà, mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni ọpọlọ rẹ̀ á fi pé. Owó ṣọ́ọ̀bù mi ló bá a lọ. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á gbé e síwájú kọ̀ǹpútà, á máa tẹ àwòrán tó bá jọra. Ó mọ géèmù yẹn débi pé kò sẹ́ni tó lè bá a ta á. Ó délé, kò mọ ibi tá à ń gbé iyọ̀ sí. Mo béèrè, wọ́n ní èmi ni mi ò ní sùúrù.

Àkànbí: Ẹ dárúkọ wọn! Ẹlòmíì á tún kó sí i.

Ìyá Ìbejì Sábó: Ẹ̀rí dà, bùrọ̀dá? Rìsíìtì gan-an wọn ò fún wa.

Àkànbí: Irú ìdákẹ́ báyìí ló ń bà wá jẹ́ nílùú yìí.

Bàbá Fẹ́mi: Ẹ ti mú ọlọ́kadà yẹn? Ẹ lọ tẹ́ṣọ̀n. Òun ló yẹ kó sanwó.

Àdùkẹ́: Ìsóyè ni. Bàbá mi àgbà ṣe é fún wa nígbà tá à ń kọ́ kéwú, títí dòní mi ò gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì Arówómọ́lẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Orí tiyín ò fọ́ nígbà yẹn. Ọmọ yìí lè máa lo oògùn gìrì.

Àdùkẹ́: Gbogbo nǹkan Yorùbá lẹ̀ ń bẹ̀rù.

Nọ́ọ̀sì Arówómọ́lẹ̀: Mo ti gbé ọmọ tí gìrì mú lọ́wọ́ ara mi, ẹ̀gbọ́n.

Tíṣà Ọ̀yọ́: SPED l'Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti kàwé, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà tó ń kọ́ ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ ọmọ. Géèmù ń kọ́ ọmọ ní géèmù. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ̀, òun gan-an ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ ya àwòrán ohun tó ń wọ inú báàgì ìwé rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kó máa wò ó kó máa kó wọn sí i láràárọ̀. Tí kò bá rántí nǹkan, ẹ má ní kó méfò. Ẹ sọ ọ́ fún un kíá, torí àṣìsọ tó bá ti ẹnu ara rẹ̀ jáde lè jẹ́ òun ló máa dúró sí i lórí. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá rẹ̀ ẹ́, kó sùn. Ìdajì ọjọ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Nǹkan míì lè má hàn báyìí, àfi tí iṣẹ́ kíláàsì bá le sí i lọ́dún mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kí tíṣà kankan pè é lọ́lẹ.

Ìyá Tómiwá: Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Mi ò rẹ́ni fi ìkókó sílẹ̀ fún, mi ò lè lọ Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tajà ní Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́, ó ní kí n mú un wá, kó máa bá òun lọ sọ́jà. Kò ní lọ ilé-ìwé ní táàmù yìí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ náà, ó bi mí bóyá Jàgùnlábí ṣì wà. Ajá ilé ẹ̀gbọ́n mi ni. Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbá a, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ ajá yẹn nílé wa.

Nọ́ọ̀sì Arówómọ́lẹ̀: Ọjọ́ tí ọsibítù dá fún un ńkọ́?

Ìyá Tómiwá: Ọjọ́ 14. Mo máa wá mú un.