Trafalgar Square: ẹ má kàn ya fọ́tò pẹ̀lú kìnnìún kẹ́ ẹ máa lọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Àwọn èèyàn máa ń sọ ti Trafalgar Square, gbàgede ńlá kan láàárín London, àti ère kìnnìún tí wọ́n máa ń bá ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí, ọ̀rọ̀ páálí, ìyẹn ìwé ìrìnnà, ló kọ́kọ́ gbé wa débẹ̀, torí ẹ́ḿbásì wa wà ní Northumberland Avenue, téèyàn bá ti jáde tó sì gbójú sókè báyìí, òpó Nelson ló máa rí. Ohun tó gbé èmi náà lọ nìyẹn ní 2023, àǹtí mi ló sìn mí lọ. Nígbà tá a ṣe tán ni wọ́n ní ká má tíì wọ ọkọ̀, pé nǹkan kan wà níbẹ̀ táwọn fẹ́ kí n rí.

Àwọn kìnnìún mẹ́rin yẹn dáa, mi ò bá wọn jà, idẹ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, àti 1867 ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Òpó yẹn náà ga tó mítà 52. Nelson tí ère ẹ̀ wà lórí òpó náà ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Faransé àti Sípéènì ní 1805, ojú ogun yẹn náà ló kú sí. Ẹyẹlé ò pọ̀ mọ́ bíi tàtijọ́, wọ́n ti fòfin de kéèyàn máa fún wọn lóúnjẹ láti 2003.

Àmọ́ téèyàn bá kọjú sí National Gallery, ilé àwòrán ńlá tó wà níbẹ̀, pèpéle òkúta kan wà ní igun apá òsì. Ọdún 1841 ni wọ́n ti kọ́ ọ, ère ọba William Kẹrin lórí ẹṣin ló yẹ kó gbé, owó ò ká a, ló bá ṣófo fún ohun tó lé ní ọdún 150. Ìgbà tó di 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ ọnà lóríṣiríṣi síbẹ̀, tí èyí bá lò ó díẹ̀, wọ́n á gbé òmíì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àǹtí mi mú mi lọ.

Ère ọkùnrin méjì ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ òyìnbó, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èèyàn gidi lọ. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó ga fíofío tó mítà 5, ó dé àkẹtẹ̀. Àǹtí mi ní, "Ṣó o rí i? Kò ṣí i o."

Aláwọ̀ dúdú yẹn, John Chilembwe ni, pásítọ̀ Baptist, ọmọ Màláwì, ìgbà yẹn Nyasaland ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ní 1914 ó ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ John Chorley, òun ni èkejì ẹ̀ lórí pèpéle yẹn, lásìkò tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ò gbọ́dọ̀ dé fìlà níwájú òyìnbó, òun sì dé tiẹ̀ mọ́rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó kó àwọn èèyàn ẹ̀ dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pa á, wọ́n sì wó ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Àwòrán ẹ̀ ti wà lára owó Màláwì báyìí. Samson Kambalu, ọmọ Màláwì, ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, Antelope ló pè é.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ gan-an o. Nílé wa ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbà là ń ṣí fìlà fún, ọba là ń ṣí fìlà fún, a sì mọ ìdí tá a fi ń ṣí i. Kí ẹnì kan wá ti ibòmíì dé kó ní o gbọ́dọ̀ ṣí i fóun torí àwọ̀ ara òun nìkan, nínú ilẹ̀ bàbá rẹ, àní níwájú ṣọ́ọ̀ṣì tíwọ fọwọ́ ara rẹ kọ́, ó dùn mí wọra. Inú mi wá dùn pé àárín London gan-an ni wọ́n gbé e sí, kó máa wo gbogbo wọn látòkè.

Ibẹ̀ ni àǹtí mi ti sọ fún mi pé orí pèpéle yìí náà làwọn ti rí ọkọ̀ inú ìgò tí Yinka Shonibare ṣe, láàárín 2010 sí 2012. London ni wọ́n bí Shonibare sí, Èkó ló dàgbà sí. Ó ṣe ọkọ̀ ogun Nelson, Victory, ní kékeré, ó fi sínú ìgò ràgàjì kan, ó wá fi aṣọ bí ankara ṣe gbogbo ìgbòkun ẹ̀, mẹ́tàdínlógójì ni. Àǹtí mi ní aṣọ táwọn ń rán lọ síbi ìnáwó làwọn rí lára ọkọ̀ ogun òyìnbó, táwọn ò lè kúrò níbẹ̀. Ankara yẹn alára, bàtíìkì Indonesia làwọn ará Holland ń fi ẹ̀rọ ṣe irú ẹ̀, wọ́n kó o wá sọ́dọ̀ wa, àwa la sọ ọ́ di tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkọ̀ náà, ó ti wà ní National Maritime Museum ní Greenwich, ìta ló wà, ẹ ò ní sanwó.

Ti Chilembwe náà ti kúrò níbẹ̀ láti 2024. Èyí tí ò ní kúrò rèé: ẹ lọ sí ìdí òpó Nelson, apá tó kọjú sí òpópónà Whitehall. Wọ́n fi idẹ ya bí Nelson ṣe kú síbẹ̀. Ẹ wo àárín àwọn atukọ̀ yẹn dáadáa, aláwọ̀ dúdú kan wà níbẹ̀ tó mú ìbọn lọ́wọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ọkọ̀ Nelson lóòótọ́, àwọn tó ń tò láti gun kìnnìún kì í wò ó rárá, ó sì yẹ káwọn ọmọ wa tí wọ́n ń bí síbí mọ̀ ọ́n.

South Africa House, ìyẹn ẹ́ḿbásì South Africa, náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Láti 1986 títí dé 1990 làwọn èèyàn fi dúró níwájú ẹ̀ tọ̀sán tòru, òjò ni o, yìnyín ni o, pé kí wọ́n tú Mandela sílẹ̀. Ní 2005, Mandela fúnra ẹ̀ wá sọ̀rọ̀ ní Trafalgar Square, ó ní bíi ti òwò ẹrú àti apartheid, èèyàn ló dá òṣì sílẹ̀, èèyàn ló sì lè mú un kúrò.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà ní London láyé ìgbà yẹn, tẹ́ ẹ bá wà lára àwọn tó dúró níwájú South Africa House, tàbí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Mandela létí ara yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí.