Orúnkún tó wú lára ẹni tó ní àìsàn ìfun: oògùn wo ló bójú mu?

Nọ́ọ̀sì Ìjerò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọkùnrin ẹni ọdún 29 kan tó ní ulcerative colitis (àìsàn tó ń mú ìfun ńlá wú, tó sì ń dá egbò sí i), orúnkún ọ̀tún àti ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kẹ́míìsì fún un ní diclofenac. Ìrora rọlẹ̀, àmọ́ nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ tún ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Làkúrègbé làwọn ará ilé pè é, wọ́n sì ti ra àgbo. Ṣé àìsàn ìfun yìí ló dé orúnkún ni? Kí la lè fún un?

Apòògùn Adó
Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kó ṣíwọ́ diclofenac lónìí. Kó má sì fi ibuprofen, piroxicam tàbí Alábùkún rọ́pò rẹ̀. Aspirin ló wà nínú Alábùkún. Ohun tí àwọn oògùn yìí ń dí lọ́wọ́ kí oríkèé má bàa wú, òun náà ló ń dáàbò bo awọ inú ìfun. Paracetamol 500mg ni kí ẹ fún un, hóró méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Àgbo yẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e tì. Nígbà mìíràn àwọn tó ń tà á máa ń lọ dexamethasone mọ́ ọn.

Dókítà Oríkèé, Ìdó
Ó jọ pé láti inú ìfun ló ti wá. Ṣùgbọ́n bí ibà bá wà, tó jẹ́ oríkèé kan ṣoṣo ló gbóná tí kò ṣe é tẹ̀, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà ká fa omi inú rẹ̀ yẹ̀ wò. Kòkòrò àrùn lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ ka oríkèé tó wú. Bí kò bá tó márùn-ún, tó jẹ́ àwọn ńlá bí orúnkún, ìfun ni ẹ tọ́jú. Bí ìgbẹ́ bá ti ń bọ̀ sípò ni wíwú ń lọ, kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ oríkèé ìka ọwọ́, márùn-ún sókè, ìyẹn kì í dúró de ìfun: inú lè dákẹ́ kí ìka ṣì máa wú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti arákùnrin yìí jọ ti àkọ́kọ́. Ẹ má náwó lé rheumatoid factor (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún irú làkúrègbé kan), kì í sábà fi nǹkan kan hàn níbí. CRP (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi wíwú inú ara hàn) àti calprotectin inú ìgbẹ́ (tó ń fi wíwú ìfun hàn) ló wúlò.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò
Ẹ ṣeun gan-an, dókítà. Sulfasalazine, oògùn tó ń dín wíwú ìfun àti ti oríkèé kù, wà lọ́wọ́ wa. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?

Dókítà Oríkèé, Ìdó
Ẹ yẹ G6PD rẹ̀ (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) wò ná. Àìtó rẹ̀ pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin, oògùn yìí sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ kọ Septrin rí, torí sulfa wà nínú oògùn méjèèjì. Bí kò bá sí wàhálà, 500mg lójúmọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀, à ń fi 500mg kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí dé 2g sí 3g. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún un pé ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n bí ọsàn, kẹ́rù má bàa bà á kó já oògùn sílẹ̀.

Fisió Ìkọ̀lé
Kí wọ́n má fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn o, kí wọ́n má sì wọ́ ọ. Yìnyín tí a fi aṣọ wé, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ló tọ́. Ẹ tún bi í nípa ìbàdí: bí ẹ̀yìn bá ń gan ju ìṣẹ́jú 30 lọ láàárọ̀, tó ń jí i lóru, tó sì ń dẹ̀ bó bá ti ń rìn, ó ṣeé ṣe kó ti kan eegun ẹ̀yìn. Sulfasalazine kì í ran ìyẹn; ẹ ní kí wọ́n ya MRI ìbàdí rẹ̀.