Báwo lẹ ṣe ń yẹ ohun tí ẹ fúnra yín kọ wò kó tó jáde?

Adéògo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo kọ ìtàn kékeré kan, mo sì ti kà á lákàtúnkà. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Àbúrò mi kà á, ó ní ojú ìwé kejì dàrú mọ́ òun lójú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tó ti dàrú. Báwo lèèyàn ṣe ń rí irú ibẹ̀ nínú ìwé ara rẹ̀?

Màmá Olóòtú:
O kú iṣẹ́, Adéògo. Ọkàn rẹ ló ń ka ìwé yẹn, kì í ṣe ojú rẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti já, ọkàn á ti so ó pọ̀ kójú tó débẹ̀. Pa á tì di ọjọ́ mìíràn, kó o wá kà á sókè kí etí rẹ gbọ́. Gbólóhùn tí èémí rẹ bá fẹ́ tán kó tó parí, gé e sí méjì.

Èmi, "ó" àti "rẹ̀" ni mo máa ń kọ́kọ́ dójú lé, torí wọ́n máa ń da òǹkàwé rú gan-an. Wo èyí: "Bísí lọ bá Ṣadé nílé, ó ní owó rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀." Ta ló sọ̀rọ̀? Owó ta ni? Àpò ta ni? Tún un kọ báyìí: "Nígbà tí Bísí dé ilé Ṣadé, Ṣadé ní owó Bísí wà nínú àpò òun." Àwọn kan á ní pípe orúkọ léraléra kò dùn létí. Èmi ò gbà. Kó kọ́kọ́ yéni ná.

Àkàndé:
Òótọ́ ni Màmá wí. Má sì wá gbogbo àṣìṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìtumọ̀ bá ti gún, kó o tó padà wá wo àmì ohùn àti àkọtọ́. Àkọtọ́ 1974, ìyẹn ìlànà ìkọ̀wé Yorùbá tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún yẹn, ni kó o dì mú jálẹ̀: "ayé", kì í ṣe "aiye", "wọ́n", kì í ṣe "nwọ́n". Bẹ̀rẹ̀ láti gbólóhùn tó kẹ́yìn, kó o máa bọ̀ sókè, kí ìtàn má bàa gbé ọ lọ.

Adéògo:
Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá. Mo ti ń fa ìlà sábẹ́ "ó" àti "rẹ̀". Èèyàn mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ lójú ìwé kejì yẹn! Ṣé gbogbo ìgbà ni kí n máa pe orúkọ ni?

Màmá Olóòtú:
Rárá o. Níbi tí kò bá ti sí ẹlòmíì tí "ó" lè tọ́ka sí, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó o bá tún un ṣe tán, fún ẹni tí kò tíì kà á rí, kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó wá sọ ẹni tó ṣe kiní kan àti ẹni tó sọ kiní kejì fún ọ. Má là á yé e o. Ibi tó bá ti ń ṣiyèméjì ni kó o tún kọ.