Rédíò fẹ́ gba ìyá mi mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń rán ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo níbí. Ojoojúmọ́ ni màmá mi ń wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, tàwọn ti rédíò wọn. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ òṣèré kan tó kọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ tàárọ̀-talẹ́: ta ló jẹ̀bi, ta ni ọmọ máa bá lọ, mọ́tò wo ló gbé. Lánàá, màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oníbàárà mi jà, torí ìyẹn gbè sẹ́yìn ọkọ. Ẹni tí a ò rí rí! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, wọn ò rántí lò ó.

Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wàjà ní 2022, odindi ọjọ́ 11 kí wọ́n tó sin ín, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe gbọ́ ọ. Ti ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, ó yé mi, tiwa nìyẹn.

Tí mo bá pa rédíò náà, màmá á ní mo rí àwọn fín. Mo gbé bátìrì pamọ́, wọ́n ra òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà lọ́dọ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?