Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi: Val Thorens la padà lọ

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ̀yin tí mo bi pé Val Thorens ní Faransé ni àbí Zermatt ní Switzerland fún síkì (eré yíyọ̀ lórí yìnyín) ní ìparí oṣù kẹta, a ti lọ, a ti dé. Val Thorens ni. Ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí ga tó mítà 2,300, òun ló ga jù nínú àwọn ibùdó síkì Yúróòpù, nítorí náà yìnyín ṣì kúnlẹ̀ fọ́fọ́ nígbà tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ ní Moûtiers, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Zermatt rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ elépo kì í wọ ibẹ̀. Täsch lèèyàn ń gbé mọ́tò sí kó tó wọ reluwé. Tọmọtọmọ, tẹrùtẹrù? Rárá o.

Ní ti fífi fóònù ṣàkọsílẹ̀ ìrìn wa: bọ̀dá tó ní kí n fi fóònù sápò inú, ẹ ṣeun gan-an. Òtútù ń fa bátìrì gbẹ, ṣùgbọ́n lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó gbé e dalẹ́. Mo ń tọ́jú fáìlì GPX (tó ń gba ipa ọ̀nà tí a rìn sílẹ̀) lójoojúmọ́, mo sì ń kọ àwọ̀ ọ̀nà tí a gbà sí i (àwọ̀ ló ń fi bí ọ̀nà ṣe le tó hàn, láti ewé tó rọrùn jù dé dúdú tó le jù): ewé fáwọn ọmọ, búlúù fún èmi, pupa fún ìyàwó mi tí kì í bẹ̀rù. Dúdú, ìran la fi wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá áàpù yín ń yọ ìrìn lífítì (ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè) kúrò. Tèmi kà á mọ́ ọn, ó fẹ́ sọ mí di akọni.

Ẹ ra inṣọ́ránsì Carré Neige mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì lífítì. Ní Faransé, owó ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó bá fara pa lójú ọ̀nà síkì. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.