Ọlọ́pàá ti ka gbogbo ìpè mi. Ta ló fún wọn láṣẹ?

Olùbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè mí, mo jókòó fún wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọmọkùnrin tó wá bá mi nígbẹ̀yìn kò tiẹ̀ kí mi, ó kàn tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Gbogbo nọ́ńbà tí mo pè ló wà níbẹ̀, tọjọ́ taago, títí kan ìgbà tí mo pe ìyá mi láago méjì òru nígbà tí ara wọn ò yá. Jìnnìjìnnì bò mí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí léèrè. Mo kọ̀, wọ́n ní kí n máa lọ. Láti ọjọ́ náà, tí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Mi ò jalè, mi ò lu jìbìtì!

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọkọ mi àtijọ́ máa ń fi bíírò fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà tí kò bá mọ̀ nínú ìwé owó fóònù mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yá fóònù aládùúgbò pe ẹ̀gbọ́n mi. Wá lọ́yà.

Akin: Ọlọ́pàá kì í ṣàdédé pe èèyàn. Ẹ ò tíì sọ tán.

Bùkọ́lá: Akin, kéèyàn ní àṣírí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Investigatory Powers Act ti 2016 gbà kí ìjọba pàṣẹ fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù pé kó tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè, ó pẹ́ tán oṣù 12. Ẹni tí a pè, ìgbà tí a pè é, ibi tí a wà, ìyẹn ni wọ́n ń tọ́jú, kì í ṣe ohun tí a sọ. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ló ń buwọ́ lu ìbéèrè ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Aṣòfin Tom Watson wà lára àwọn tó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá 2016, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg ní ẹlòmíì tó dá dúró ló yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 2019, OCDA, ọ́fíìsì tó ń yẹ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wò, tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, ló ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Adé: Ẹ wá lọ́yà o.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun mà, Ìyá Ìbejì. Akin, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Mi ò lówó lọ́yà. Mo sì ti ṣèlérí fún ẹni tó ni nọ́ńbà yẹn.

Bùkọ́lá: Ìlérí kí ni? Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?

Olùbéèrè: Mò ń kọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn arúgbó níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lé e báyìí. Ó gbà pé èmi ni mo tú àṣírí òun.

Akin: Ṣé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ níta ni?

Ìyá Ìbejì: Tí ìyá tìrẹ bá wà lára àwọn arúgbó yẹn ńkọ́?

Bùkọ́lá: Háà! Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ! Tó bá jẹ́ torí àtimọ ẹni tó fún oníròyìn ní ìròyìn ni wọ́n ṣe gba àkọsílẹ̀ yẹn, Judicial Commissioner, ìyẹn adájọ́ tó ń yẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wò, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ṣáájú, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹ kọ̀wé sí Investigatory Powers Tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn irú èyí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ ní lọ́yà. Àwọn oníròyìn Northern Ireland méjì, Barry McCaffrey àti Trevor Birney, gbé ọ̀rọ̀ tiwọn lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024 wọ́n dá wọn láre, wọ́n ní kí ọlọ́pàá san £4,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìgbà wo nìyí ṣẹlẹ̀?

Olùbéèrè: Ó pé oṣù mọ́kànlá lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bùkọ́lá: Ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fúnni! Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ òní.

Olùbéèrè: Ṣé kí n kọ orúkọ nọ́ọ̀sì náà sí i?

Bùkọ́lá: Ẹ bi í ná. Ẹ má fi fóònù bi í o.

Olùbéèrè: Kò tiẹ̀ ń gbé ìpè mi mọ́. Màá lọ bá a nílé lọ́la.