Ṣé ó tọ́ kí a fi lára owó ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ sí àwọn tí ìyàn mú ní Sudan?

Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo:
Mo kí gbogbo yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwa obìnrin oníṣòwò ní Ọjà Ọba máa ń dá owó ìdúpẹ́ jọ, tí a ó fi ra aṣọ ẹgbẹ́, tí a ó se oúnjẹ, tí a ó sì pe onílù. Lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a fi aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Sudan, níbi tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, tí àwọn onímọ̀ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pé ìyàn ti mú ní Zamzam, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní agbègbè Darfur. Àwọn kan fara mọ́ ọn. Àwọn yòókù ní láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni ọjà kò ti kún ṣọ́ọ̀bù mọ́, àti pé àwọn ọmọ tí ń febi sùn wà ládùúgbò wa níbí. Lójú tèmi, ẹni tí Ọlọ́run dá sí nínú ọ̀wọ́ngógó yìí ní ìdí púpọ̀ láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìdúpẹ́ wa ni ẹnikẹ́ni lára. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Àgbà:
Ìyá wa, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún gun ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Opó tó ń pàtẹ ata nínú ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Bí ẹ bá gba owó Sudan lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ lálẹ́ àná, inú mi kò ní dùn sí i. N kò ní kí ẹ má fi ránṣẹ́ o. Inú ẹgbẹ́ ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Olùkọ́ Ìtàn:
Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Bàbá, ṣùgbọ́n àwa náà ti jẹ lára irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà ogun abẹ́lé wa, láàárín ọdún 1967 sí 1970, òru ni ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ìjọ Kristẹni háyà ń gbéra láti erékùṣù São Tomé, tí wọ́n ń kó oúnjẹ àti oògùn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Uli ní Biafra fún àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun, ẹja gbígbẹ láti Norway sì wà lára ẹrù náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá owó rẹ̀ kò mọ ọ̀nà Nàìjíríà, aláìní kò sì ṣàìsí ní ìlú tiwọn. Àwọn kan lára dókítà ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó dá Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí ogun àti àjálù bá, sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ní Borno pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ará wa tí Boko Haram lé kúrò nílé ló jẹ oúnjẹ tí Àjọ Ètò Oúnjẹ Lágbàáyé fi owó àlejò rà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọpẹ́, mo rò pé ó yẹ kí a ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn.

Alfa:
Ní ti àwa Mùsùlùmí tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ìlú tí sàká ti jáde ni kí a ti kọ́kọ́ pín in, àyàfi tí àìní ibòmíràn bá le jù ú lọ. Sàárà kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀ọ́, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe àpò ìrẹsì, nítorí owó ọkọ̀ lè ju owó ìrẹsì lọ. Ọmọ tí àìjẹunkánú ti wọ̀ lára kì í kọ́kọ́ nílò ìrẹsì pàápàá. Ohun tí a ń fún un ni ẹ̀pà lílọ̀ tí a pò mọ́ mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, òróró àti fítámì, nínú ọ̀rá kékeré tó wọn gíráàmù 92, tó sì ní agbára kálórì 500. Kò nílò iná, kò nílò omi tí a ó fi pò ó, ìyá ọmọ sì lè máa fún un nílé, nítorí náà ni ó ṣe wúlò níbi tí ogun ti lé ènìyàn kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ ló máa ń bọ́ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ẹ tún ro ti pàṣípààrọ̀ owó. Kí náírà tó já ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ju 200 dọ́là lọ ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ ẹ. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, kò tó 70 mọ́. Ẹ kó owó náà jọ kí ẹ fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí owó báńkì má baà jẹ ẹ́ tán. Ẹ má sì san án fún ẹnikẹ́ni tó kàn fi àwòrán ọmọ tí ebi ń pa ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ojú òpó àjọ ìrànwọ́ tí ẹ bá yàn gan-an ni kí ẹ lọ.

Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an. Màá gbé e lọ sí ìpàdé pé kí a kọ́kọ́ yọ ti àwọn opó inú ẹgbẹ́, kí a wá gbé àpótí kalẹ̀ fún Sudan, kí olúkúlùkù fi ohun tó bá wù ú sínú rẹ̀. A kò ní bu iye kan lé ẹnikẹ́ni lórí, n kò sì ní gbà kí a ka orúkọ ẹni tó dá owó sétí ìgbọ́ gbogbo ẹgbẹ́, nítorí pé ẹni tí kò ní yóò lọ yáwó nítorí ìtìjú.